Ohun Tí Múfú Kò Sọ

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka ọ̀rọ̀ mi tán kí ẹ tó bú mi. Nǹkan kan ń jẹ mí láti inú wá. N kò sọ ọ́ fún ìyàwó mi, n kò sì sọ ọ́ fún pásítọ̀ wa. Mo ti pinnu pé màá gbé e wọ sàréè ni. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹnì kan wá bi mí ní ìbéèrè kan nínú pálọ̀ mi ní Agbowó. Láti ọjọ́ náà, gbogbo ẹni tó bá wò mí lẹ́ẹ̀mejì, mo máa ń rò pé ó ti mọ̀.

Orúkọ tí mo lò níbí kì í ṣe orúkọ wọn gan-an. Bó bá ṣe yín bíi pé ẹ dá wọn mọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún wọn kí n tó sọ.

Apẹ̀tẹ̀ ni èmi àti Múfú ti pàdé, nígbà tí a wà nílé ẹ̀kọ́. Ọmọ Ìbàdàn pọ́ńbélé ni, láti ilé àwọn Mùsùlùmí tí gbogbo èèyàn mọ̀ ládùúgbò wọn. Ṣakí ni àwọn òbí tèmi ti wá, onítẹ̀bọmi sì ni wá. Orin ló pa wá pọ̀. Kì í ṣe orin tí èèyàn ń fi ẹnu kọ, orin ẹ̀rọ ni. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ díẹ̀, torí inú rẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀ mi wà.

Bí a bá dé ibi eré, a ó gbé máíkì síbi gbogbo: lẹ́nu ọ̀nà, láàárín ìjókòó, lẹ́yìn kọ́tìnnì tí àwa fúnra wa ń dúró sí. Láti ìgbà tí èrò bá ti ń wọlé ni máíkì ti ń gbọ́. Ẹni tó wúkọ́, ẹni tó ń kí ọ̀rẹ́ rẹ̀, fèrè kẹ̀kẹ́ Márúwá lójú títì, gbogbo rẹ̀ ń wọnú láptọ́ọ̀pù. Èmi ni mo máa ń fi íápíìsì sétí, tí mo máa ń ṣa àwọn ohùn náà. Màá gé èyí tó bá dùn, màá sì fi ránṣẹ́ sí pátákó oníbọ́tìnnì tó wà níwájú Múfú.

Múfú kì í mọ ohun tó wà lábẹ́ bọ́tìnnì títí yóò fi tẹ̀ ẹ́. Bí ohùn bá ti jáde, lójú ẹsẹ̀ ni yóò ti sọ ọ́ di orin. Yóò yí i po, yóò fà á gùn, yóò já a sí wẹ́wẹ́, yóò ki ìlù bọ̀ ọ́ lábẹ́. Mo ti rí i tó fi ikọ́ ìyá arúgbó kan ṣe orin tí ìyá náà fúnra rẹ̀ dìde jó sí. Kò sí eré wa méjì tó jọra.

Kí a tó bẹ̀rẹ̀, Múfú yóò kọ́kọ́ sọ fún èrò pé, "A ò gbé ohùn kankan wá láti ilé o. Ohun tẹ́ ẹ bá sọ lónìí lẹ máa gbọ́." Ohun tí wọ́n fi fẹ́ràn wa nìyẹn. Wọ́n gbà á gbọ́, òótọ́ sì ni. Èmi ni mo sọ ọ́ di irọ́.

Múfú ní àfẹ́sọ́nà kan tó ń jẹ́ Ráfíà. Àlàájì, bàbá Ráfíà, ló fún wa ní yàrá kan nísàlẹ̀ ilé rẹ̀ ní Ring Road láti máa fi dánra wò. Bàbá náà kò lóye orin wa rárá, ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn Múfú bí ọmọ bíbí inú rẹ̀. Èmi ńkọ́? Ó máa ń kí mi dáadáa. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Orí fóònù ni ìfura mi ti bẹ̀rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, ẹni yòówù kó pe Múfú, iwájú mi ni yóò ti gbé e. Lójijì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. "Délé, mò ń bọ̀," ni yóò wí, yóò sì lọ dúró sẹ́yìn ilé. Bó bá wọlé padà, yóò da ojú fóònù náà dé tábìlì. Màá jókòó síbẹ̀, màá máa wò ó bí ẹni ń wo ejò.

Lọ́jọ́ kan, a lọ sí etí omi Ẹlẹ́yẹlé láti gba ohùn àwọn apẹja, ká lè fi kọ́ etí wa. Fóònù rẹ̀ dún. Ó rìn jìnnà sí mi, ó lọ dúró ti ọkọ̀ kan tí wọ́n dojú rẹ̀ dé sí etí omi. Atẹ́gùn gbé gbólóhùn òyìnbó kan wá bá mi. Ó ń sọ fún ẹni náà pé òun nìkan ni, òun nìkan ni yóò wá. Nígbà tó dé, mo bi í pé ta ni. Ó ní màmá òun ni.

Màmá Múfú kò gbọ́ òyìnbó.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń ṣọ́ ọ. Bí mo bá dé yàrá wa, màá kọ́kọ́ fọwọ́ kan láptọ́ọ̀pù. Lọ́pọ̀ ìgbà, yóò ti gbóná. Màá ní, "O ti ń ṣiṣẹ́ ni?" Yóò ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ láti mú wáyà kan nílẹ̀ lọ́jọ́ kan, àwọn fọ́tò pásípọ́ọ̀tù bọ́ láti àpò ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ẹ̀yìn àwòrán wọn funfun báláú, irú èyí tí wọ́n ń yà fún físà. Ó sáré kó wọn. Ó tì wọ́n padà sínú àpò. Mo tún máa ń gbọ́ òun àti Àlàájì lókè, tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Bí mo bá ti gun àtẹ̀gùn, wọ́n á dákẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, mo mọ̀ pé ẹ máa ní kí ló dé tí n kò bi í. Ọ̀rẹ́ mi ni. Mo lè bi í. Ṣùgbọ́n bí ìfura bá ti jókòó sí èèyàn láyà, kì í fẹ́ ìdáhùn mọ́. Ẹ̀rí ló ń fẹ́. Mo rò pé wọ́n ń mú un lọ sí ìlú òyìnbó, pé Àlàájì ló ń ti í lẹ́yìn, pé wọ́n máa fi mí sílẹ̀ bí ẹni fi bàtà àtijọ́ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ta ló sì mọ̀ mí? Gbogbo èrò ló ń wo Múfú. Kò sẹ́ni tó ń wo ẹni tó ń ṣa ohùn.

Nígbà yẹn, wọ́n ń bá Àlàájì fa ọ̀rọ̀ ilẹ̀ kan. Àwọn ènìyàn kan ní ó ta ilẹ̀ kan náà fún wọn àti fún ẹlòmíràn. Ó ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ń dùn ún dé egungun. A kì í dárúkọ rẹ̀ nínú ilé yẹn.

Ibẹ̀ ni èṣù ti bá mi sọ̀rọ̀. Tàbí kí n má fi ṣe ti èṣù. Èmi ni.

Gbogbo ìgbà tí a bá ń dánra wò ni ẹ̀rọ máa ń wà ní títàn, torí náà mo ní ohùn Múfú rẹpẹtẹ. Mo wá ibi tó ti ń bínú sí ọkùnrin kan tó ta wáyà tí kò dára fún un. Ó ní, "Olè ni bàbá yẹn." Mo gé ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, "Olè ni", sọ́tọ̀. Mo wá ibòmíràn tó ti ń kí Àlàájì tó sọ̀ kalẹ̀ wá wò wá. Mo gé "Àlàájì" kúrò níbẹ̀. Mo so wọ́n pọ̀. Mo fi ọwọ́ ra ojú ibi tí mo ti gé e títí kò fi sẹ́ni tó lè mọ̀ ọ́n. Mo fi ẹ̀rín rẹ̀ kan sí i lẹ́yìn, kó lè jọ àwàdà. Mo fi etí sí i. Múfú ló ń sọ pé, "Àlàájì? Olè ni." Ó sì rẹ́rìn-ín.

Inú ọgbà kan ní Bódìjà ni eré náà ti wáyé, ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé. Èmi fúnra mi ni mo lọ bẹ Àlàájì pé kí wọ́n wá wo ohun tí ọmọ wọn ń ṣe. Wọ́n wá pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ wọn méjì, wọ́n wọ agbádá funfun. Ráfíà fi wọ́n sí ìlà iwájú. Ó ń rẹ́rìn-ín sí mi. Ó ní, "Délé, o ṣeun tó o lọ pè wọ́n."

Eré náà dùn. Ó dùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Múfú gba ohùn ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ Àlàájì níbi tó ti ń bèèrè àga, ó sì fi ṣe orin tí gbogbo wọn ń fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀ sí. Àlàájì ń mi orí. Ojú mi rí i pé bàbá náà ti ń yọ̀. Mo lè dá a dúró níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, n kò fẹ́ parọ́ fún yín. Mo ní àyè láti dá a dúró.

Mo fi ohùn náà ránṣẹ́ sí abẹ́ bọ́tìnnì kan, mo sì ká ọwọ́ lẹ́rán.

Múfú tẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi tẹ̀ ẹ́. Ó ti ṣètò ẹ̀rọ kó máa yí ohun tó bá jáde po, nítorí náà kò jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. "Àlàájì? Olè ni." Ẹ̀rín. "Àlàájì? Olè ni." Ẹ̀rín. Ìlù sì wà lábẹ́ rẹ̀. Àwọn kan lẹ́yìn tilẹ̀ kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́. Ọwọ́ Múfú ń wá bọ́tìnnì tí yóò fi pa á, kò rí i. Ó wá pa á níkẹyìn.

Àlàájì dìde. Wọ́n ká agbádá wọn sí èjìká. Wọ́n wo Múfú, wọ́n ní, "Ọmọ mi, o ṣeun." Wọ́n jáde. Ráfíà wo Múfú, ó wò mí, ó sì tẹ̀ lé bàbá rẹ̀.

Lẹ́yìn kọ́tìnnì, Múfú di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Délé, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́. Ṣé mo sọ ọ́?"

Ẹ̀yin ará, ibí yìí ni ẹ̀ṣẹ̀ mi gan-an wà. Mo lè sọ pé rárá. Mo ní, "O sọ ọ́. Ibí yìí lo dúró sí nígbà tí èrò ń wọlé. Àwàdà lò ń ṣe. N kò mọ̀ pé máíkì gbé e, n kò sì fetí sí i dáadáa kí n tó fi ránṣẹ́."

Ó ní, "N kò rántí."

Mo ní, "O máa ń sọ̀rọ̀ púpọ̀, Múfú."

Òótọ́ ni, ó máa ń sọ̀rọ̀ púpọ̀ nígbà yẹn. Bóyá ìdí nìyẹn tó fi gbà mí gbọ́. Òun náà ló sì ń sọ fún gbogbo ayé pé ẹ̀rọ wa kì í purọ́. Nígbà tí Ráfíà bi mí lọ́jọ́ kejì, ohun kan náà ni mo sọ fún un. Mo tilẹ̀ ń ṣe ojú àánú.

Múfú lọ dọ̀bálẹ̀ fún Àlàájì. Ó tọrọ àforíjì fún ọ̀rọ̀ tí kò sọ. Wọ́n ní àwọn ti dárí jì í. Ṣùgbọ́n wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ yàrá wọn, ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó sì kú síbẹ̀.

Kò pẹ́ sí i, Múfú wá bá mi nílé. Ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn mi, ó tẹ orí mọ́lẹ̀. Ó ní, "Délé, Ọlọ́run ló mú mi. Àwọn kan ní Jámánì pè mí pé kí n wá máa bá wọn ṣeré. Mo sọ fún wọn pé èmi nìkan ni mò ń bọ̀. Àlàájì fẹ́ ṣe onígbọ̀wọ́ fún mi. Mo fẹ́ fi ọ́ sílẹ̀ láìsọ fún ọ. Ìdí rẹ̀ tí ojú fi tì mí báyìí nìyẹn. Má bínú."

Ẹ rí i pé ìfura mi kò ṣì. Gbogbo ohun tí mo rò ló rí bẹ́ẹ̀. Mo ti máa ń rò pé bí mo bá gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀, ara mi yóò fúyẹ́. Kò fúyẹ́. Ọkùnrin náà ń sunkún níwájú mi, ó ń bẹ̀ mí. Kí ni mo ṣe? Mo dárí jì í. Mo fi ọwọ́ gbá a lẹ́yìn jẹ́jẹ́, mo ní kò burú, a máa ń ṣe àṣìṣe.

Múfú kò lọ sí Jámánì. Ó ní òun kò fẹ́ rí máíkì mọ́. Dùgbẹ̀ ló wà báyìí, ó ń tún fóònù ṣe. Ẹni tó máa ń sọ̀rọ̀ tó ń pa gbogbo èèyàn lẹ́rìn-ín, ó ti di ẹni tó ń fi ọwọ́ bo ẹnu kó tó dáhùn. Bí oníbàárà bá ń bú u, yóò kàn máa wo ilẹ̀. Kó tó bá èèyàn sọ̀rọ̀ gidi, yóò kọ́kọ́ ní kí ẹni náà pa fóònù rẹ̀. Àwọn tó yí i ká rò pé ìgbéraga ni. Èmi mọ ohun tó jẹ́.

Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Ráfíà kan ilẹ̀kùn mi. Mi ò rí i láti ìgbà pípẹ́ wá. Kò tíì lọ́kọ. Lójú ẹsẹ̀ ni mo ti ń rò ó pé ta ló rán an. Ó kí ìyàwó mi, ó gba omi, kò mu ún. Ó ní ìbátan òun kan rí fídíò eré ọjọ́ yẹn nínú fóònù àtijọ́, òun sì ti gbọ́ ọ títí. Ó tẹ̀ ẹ́ fún mi. Ó ní kí n fetí sí ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ náà, kí n má fetí sí ọ̀rọ̀ náà gan-an.

Mo fetí sí i. Mo gbọ́ ọ kó tó sọ.

Ó ní, "Délé, òjò ń rọ̀ lórí páànù níbi tí Múfú ti pe Àlàájì. Nígbà tó dé 'olè ni', kò sí òjò mọ́. Oṣù ọyẹ́ ni a ṣe eré yẹn. Òjò wo ló rọ̀?"

Òótọ́ ni, òjò ń rọ̀ lórí páànù ẹ̀bá fèrèsé lọ́jọ́ tí Múfú kí Àlàájì ní yàrá Ring Road. Mo gé ọ̀rọ̀, n kò gé òjò. Èmi tí iṣẹ́ mi jẹ́ láti gbọ́, n kò gbọ́ ọ.

Mo ní, "Bóyá ẹni tó ń din àkàrà lẹ́nu ọ̀nà ni. Epo gbígbóná máa ń dún bí òjò."

Ó ní, "Èmi ni mo ṣètò oúnjẹ ọjọ́ yẹn. A ò din ohunkóhun."

Ó wò mí. Ó ní, "Ó dáa. Mo kàn ní kí n bi ọ́ ni." Ó dìde, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyàwó mi, ó lọ. Kò pariwo. Ìyẹn ló dẹ́rù bà mí jù. Ìyàwó mi bi mí pé kí ló dé tí mo ń làágùn. Mo ní ooru ni. Ó wo fáànù tó ń fẹ́, ó sì wò mí.

Mo pinnu pé kí ẹlòmíràn tó sọ fún Múfú, èmi ni màá sọ. Mo wọkọ̀ lọ sí Dùgbẹ̀. Mo bá a níbi tó ti tẹ orí sí fóònù kan. Mo ní, "Múfú, mo ní ọ̀rọ̀ kan."

Ó ní kí n kọ́kọ́ pa fóònù mi. Mo pa á.

Kí n tó la ẹnu, ó ní, "Mo mọ ohun tó gbé ọ wá. Ráfíà pè mí. Ó ní bóyá ẹnì kan ló so ọ̀rọ̀ yẹn pọ̀. Mo ní kó fi sílẹ̀. Mo sọ ọ́, Délé. Nígbà yẹn n kò rántí, ṣùgbọ́n mo ti rántí báyìí. Mo dúró ti kọ́tìnnì, mo mú ike omi dání, mo sọ ọ́. Ìwọ náà rẹ́rìn-ín."

Ó ń wo ojú mi bó ṣe ń sọ ọ́. Kò sí iyèméjì kankan lójú rẹ̀. Ó ti rí gbogbo rẹ̀, títí kan ike omi. Ó tilẹ̀ ní òun ti ń fi í ṣe àdúà, pé kí Ọlọ́run bá òun ṣọ́ ẹnu òun.

Mo ní, "Múfú..." Oníbàárà kan dé, ó ní kó bá òun wo fóònù òun. Mo dìde, mo sì padà sílé láìsọ ọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ojúgbà mi, kí ni kí n ṣe? Àlàájì ti ń darúgbó, n kò fẹ́ kí wọ́n kú pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé Múfú pè wọ́n lólè. Ṣé àwọn ni kí n kọ́kọ́ lọ bá ni, àbí Ráfíà, tó ti fura? Bí mo bá sì sọ fún Múfú, ṣé yóò gbà mí gbọ́, àbí yóò rò pé àánú rẹ̀ ló ń ṣe mí? Báwo ni èèyàn ṣe ń gba ohun tí kò ṣẹlẹ̀ kúrò lórí ẹni tó ti rántí rẹ̀?

Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bí wọ́n bá ń ka èyí. Ẹ̀yin tó kù, ẹ dákun, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ẹ má fi ohùn yín ránṣẹ́ sí mi. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.